Ta Ló Tó Bi Alága Léèrè? Àgbéyẹ̀wò Ìwà Olórí, Láti Alápòtí

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ lórí aṣáájú ni à ń jẹ yó, kò yẹ kí ebi pa ẹnikẹ́ni ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Oko Ọ̀tà ni Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lọ jókòó sí lẹ́yìn tó gbé ìjọba lé Shehu Shagari lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Lórí oko yẹn náà ló ti dá Africa Leadership Forum sílẹ̀ ní 1988, tí àwọn ọ̀mọ̀wé, òṣèlú àti oníṣòwò ńlá ń pé jọ síbẹ̀ láti jíròrò irú olórí tó yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Covenant University, tí ìjọ Living Faith dá sílẹ̀ ní Canaanland ní 2002, kò fi tirẹ̀ bò rárá: ìran aṣáájú tuntun lòun fẹ́ tọ́ dàgbà. Bells University wà ní Ọ̀tà bákan náà, Crawford University ti ìjọ Apostolic Faith sì wà ní Ìgbẹ́sà. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ti Àgbàrá gba Lúsadà lọ sí Àtàn lè ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú kòtò tí tírélà ń ṣubú sí, lójú ọ̀nà kan náà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń kó ọjà gbà lójoojúmọ́.

Alápòtí wà ní apá Adó-Odò, ọ̀kan nínú wọ́ọ̀dù 16 tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 526,565 ní gbogbo Adó-Odò/Ọ̀tà. Ta ló máa gbà pé iye yẹn ṣì dúró síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde kò yéé ra pulọ́ọ̀tì lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń hú ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀? Ìdí tí mo fi mú Alápòtí ni pé ọ̀rọ̀ ìwà olórí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Abùjá nìkan. Baálẹ̀ wà, olórí ẹbí tó ń ta ilẹ̀ wà, alága onílé wà, ìyálọ́jà wà, pásítọ̀ àti lèmọ́mù wà, káńsẹ́lọ̀ náà wà. Ènìyàn lè bá gbogbo wọn pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì lo ọdún mẹ́rin láìfojú kan gómìnà.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti sọ: ṣé ìwà ẹni tó jókòó sórí àga ló ń tún ìlú ṣe, àbí òfin tó yí àga náà ká?

Àwọn kan ní ìwà ni gbogbo rẹ̀. Chinua Achebe kọ ìwé pélébé kan ní 1983 tó fi sọ pé àìsí olórí gidi ni gbogbo àìsàn Nàìjíríà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tilẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá lè kápá ikùn rẹ̀, ìbínú rẹ̀ àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ìlú lé lọ́wọ́, ó sì gbìyànjú láti fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ifá ti sọ tirẹ̀ ṣáájú wọn: Ìwà ni ìyàwó tí Ọ̀rúnmìlà lé lọ, tó wá di ẹni tó ń wá a kiri láti ilé dé ilé, ìtàn tí Wándé Abímbọ́lá yẹ̀ wò fínnífínní nínú iṣẹ́ kan tó gbé jáde ní 1975.

Àwọn kejì ní ká fi ìyẹn sílẹ̀. Inú jìn, a kò mọ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe òfin tó le, kí olè pàápàá má ríbi jí. Machiavelli, ará Ítálì tó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 1513, kò tilẹ̀ bèèrè ju pé kí olórí máa jọ ènìyàn rere lójú ará ìlú. Singapore ni àwọn tó fẹ́ràn òfin sábà máa ń tọ́ka sí. Ọ́fíìsì tó ń wádìí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1952. Ní 1986, wọ́n ń wádìí mínísítà kan, Teh Cheang Wan. Ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí olórí ìjọba, Lee Kuan Yew. Lee ní ó di ìgbà tí ìwádìí bá parí. Mínísítà náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Òfin ló ṣiṣẹ́, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó lè fi ìpè fóònù kan ṣoṣo pa ìwádìí yẹn tì, kò sì pè.

Èrò tèmi ni pé ibi tí à ń wò lára olórí ni kò tọ́. À ń wò ó bóyá kì í jalè, kì í mutí, ó ń gbàdúrà, aṣọ rẹ̀ kò pọ̀ jù, kì í fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ kiri. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wò ni bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹni tó kéré sí i bá ní kó wá ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Tiransifọ́mà jó. Ẹni tó bá ń gbé agbègbè yìí kò nílò kí n sọ ohun tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn oníná á ní àwọn ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ á di oṣù. Ẹgbẹ́ onílé á pe ìpàdé. Wọ́n á to àga oníke síwájú ilé alága, Kìrìsìtẹ́nì á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, Mùsùlùmí á sì ṣe ti ìparí. Akọ̀wé á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá jáde látinú ìwé tí eteetí rẹ̀ ti ká. Wọ́n á bu owó: onílé báyìí, ayálégbé báyìí, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta tàbí ilé omi inú ọ̀rá báyìí. Owó á máa wọ inú àkáǹtì ẹnì kan, nítorí pé àwọn mẹ́ta tó yẹ kó máa buwọ́ lùwé owó ẹgbẹ́ kì í ráyè wà nílé lọ́jọ́ kan náà. Alága á lọ, á bọ̀. Iná á dé, àwọn ọmọdé á hó yè. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ayálégbé kan tí kò tíì pé ogójì ọdún á nàwọ́ sókè nínú ìpàdé: “Bàbá wa alága, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ dákun, èló la dá, èló la ná?”

Ibí yìí gan-an ni kí òǹkàwé ti dúró díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń jáde kì í ṣe ìdáhùn alága. Ariwo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni. “Ìwọ ta ni? Ìgbà wo lo kó dé àdúgbò yìí? Bàbá tó ń fi mọ́tò ara rẹ̀ lọ bá àwọn oníná ní Ìbàdàn nítorí tiwa, ṣé ó ti wá dolè ni?” Ayálégbé á dọ̀bálẹ̀, á tọrọ àforíjì. Ìpàdé á tẹ̀ síwájú sórí ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ.

Ó ṣeé ṣe kí alága má mú kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í mú un. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi tiwọn kún un ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìwà rere rẹ̀ ti sọ ìbéèrè di àrífín. Àdúgbò ti kọ́ pé ẹni bá bèèrè ìṣirò ń pe àgbà lólè. Lọ́jọ́ tí alága yẹn bá gbé ipò sílẹ̀, tí ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ bá gorí àga, ilẹ̀kùn tó ti tì ni yóò bá, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olóòótọ́ ló bá olè tì í sílẹ̀, láìmọ̀.

Peter Ekeh, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti wo ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ èyí láti ojú mìíràn. Nínú iṣẹ́ kan tó gbé jáde ní 1975, ó ní àwa ará Áfíríkà tí òyìnbó jọba lé lórí ní ìta gbangba méjì, a kò ní ẹyọ kan. Ọ̀kan ni ti ìlú ẹni, ẹ̀yà ẹni, ẹgbẹ́ ẹni, níbi tí ènìyàn ti ń dá owó láìjẹ́ pé wọ́n fi ipá mú un, tó sì ń tijú láti jí i. Èkejì ni ti ìjọba, tí òyìnbó kó dé, tí kò sí ẹni tó kà á sí ti bàbá rẹ̀. Ọkùnrin kan náà lè jẹ́ akápò tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ń yìn, kó sì di ajẹgúdújẹrá tó bá dé ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tó bá ti gbé Ọ̀tà tàbí Sàngó rí kò ní í sọ pé irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ìta gbangba ti ìlú ẹni yẹn kò mọ́ tó bí Ekeh ṣe gbé e kalẹ̀. Ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò kì í sábà sí.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àpẹẹrẹ kan tó gba omijé lórí èyí. Bísí Ọnàbánjọ, akọ̀ròyìn tó di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ náà láti 1979 dé 1983, ni ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ológun rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 22 ní 1984. Owó ₦2.8 mílíọ̀nù tí ilé-iṣẹ́ kan san fún ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ni ẹ̀sùn rẹ̀ dá lé. Ẹgbẹ́ ló gba owó, kò lọ sápò ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògùn ṣì ń sọ títí dòní pé ènìyàn rere ni, èmi náà kò bá wọn jiyàn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ti dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi lórí owó ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Action Group, ó sì dá Akíntọ́lá, tó gba ipò olórí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀, láre. Pé òṣèlú wà nínú ìwádìí yẹn kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lọ: ṣé ẹni tó mú owó ìlú fún ẹgbẹ́, tí kò mú un fún ara rẹ̀, ti ṣe ohun tó tọ́? Lọ́dọ̀ wa, a sábà máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, a kàn kì í sọ ọ́ síta ni.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ àwọn olórí tí gbogbo ayé gbà pé ọwọ́ wọn mọ́ wò. Látéèfù Jákàńdè ṣe gómìnà Èkó láti 1979 dé 1983, ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló ń gùn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé tó kọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè fojú rí. Michael Adékúnlé Ajáṣin ti ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò nípò láìsí ọrọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Ìgbìmọ̀ ológun gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n dá a láre, wọ́n sì tún tì í mọ́lé. Ní ti àwọn méjèèjì, n kò ní ohun kankan láti yọ kúrò nínú ìyìn wọn nígbà tí wọ́n wà lórí àga. Jákàńdè lọ di mínísítà lábẹ́ Sani Abacha ní 1993, nígbà tí MKO Abíọ́lá ń bèèrè ìbò tó fi wọlé. Ọkọ̀ ara rẹ̀ tó gùn nígbà tó jẹ́ gómìnà kò dá a dúró lórí ìyẹn, kò sì yẹ kó pa wá lẹ́nu mọ́.

Thomas Sankara ta àwọn Mercedes ìjọba Burkina Faso, ó fi Renault 5 rọ́pò wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi àwòrán rẹ̀ sára aṣọ. Àwọn olùkọ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1984, tí iye wọn lé ní 1,000, ló lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ọdún kan náà ní Nàìjíríà, Muhammadu Buhari, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí olè, ṣe òfin tó lè fi akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n nítorí ìròyìn tó bá dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sì jìyà rẹ̀. Umaru Yar'Adua ni ààrẹ àkọ́kọ́ tó tẹ́ dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé rí, ní 2007. Ó jẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù. Mélòó nínú wọn ló lè sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn gbé e lọ sí Saudi Arabia ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, kò sí lẹ́tà tó lọ sí Ilé Aṣòfin láti fi agbára lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè wà láìní olórí títí di oṣù Kejì ọdún 2010, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fi ọgbọ́n ọ̀ràn-anyàn sọ Goodluck Jonathan di adelé.

Kò sí olè nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ ní ìpínrọ̀ tó kọjá yẹn. Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ kò sí nínú àpò owó rárá.

Àfiwé tó tún wá ṣe kedere jù lọ wà ní ọdún 2006, ó sì sún mọ́ Alápòtí ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn olórí méjèèjì tí mo fẹ́ fi wéra ni ará Ọ̀tà fúnra rẹ̀, èkejì sì wà ní òdìkejì bodè tí ọkọ̀ ń ná lójoojúmọ́. Mathieu Kérékou fi ìbọn gba ìjọba ní Dahomey ní oṣù Kẹwàá 1972. Ó yí orúkọ ìlú náà padà sí Benin, ó ti àwọn alátakò mọ́lé, ó fi ètò ọrọ̀ ajé ṣòfò títí báńkì fi wó, owó oṣù kò sì jáde mọ́. Ní oṣù Kejì 1990, ó gbà kí wọ́n pe àpérò gbogboogbò sí Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza sì ṣe alága rẹ̀. Nígbà tí àpérò náà kéde pé ìpinnu òun ni abẹ gé, Kérékou lè rán sójà wọlé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nicéphore Soglo fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìbò 1991, Kérékou sì lọ sílé. Ó padà wọlé nípasẹ̀ ìbò ní 1996, wọ́n tún yàn án ní 2001. Bí 2006 ṣe ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pariwo kí wọ́n tún òfin ìlú ṣe nítorí rẹ̀. Ó kọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ó fi àga sílẹ̀ fún Yayi Boni.

Ẹ wá wo ti ẹ̀gbẹ́ wa. Ọbásanjọ́ ti 1979 ni ọkùnrin tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá nígbà tí ọ̀pọ̀ ológun Áfíríkà kò mọ ọ̀nà ilé. Ó wà lára àwọn tó dúró ti Transparency International, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1993. Abacha jù ú sẹ́wọ̀n ní 1995. Nígbà tó padà dé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní 1999, òun ló gbé àwọn àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá kalẹ̀, ICPC, lẹ́yìn náà EFCC. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, Tafa Balogun, lọ sẹ́wọ̀n ní 2005. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà jẹ ní gbèsè fi nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá. Ẹni tí kò bá ka ìwọ̀nyí sí i kò sọ òótọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún mẹ́jọ rẹ̀ pé, àtúnṣe òfin kan dé Ilé Aṣòfin, nínú rẹ̀ ni ààyè fún sáà kẹta wà. Ọbásanjọ́ ń sọ títí dòní pé òun kò bèèrè rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà sọ lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rántí: a fi ọ́ jọba, o tún ń ṣàwúre, ṣé o fẹ́ di Ọlọ́run ni? Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2006, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, tí Ken Nnamani jẹ́ ààrẹ rẹ̀, da gbogbo àtúnṣe náà nù.

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Ọ̀tà yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní 1990, ta ni kò ní í yan àgbẹ̀ Ọ̀tà tó ń pe àpérò lórí olórí rere, kó fi ológun Kútọnu sílẹ̀? Ìtàn ìgbésí ayé ẹni kò lè jẹ́rìí ìwà rẹ̀ títí láé. Agbára ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, ọdún ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ tiwọn náà. Kì í sì í ṣe ìwà ààrẹ ló gba Nàìjíríà sílẹ̀ ní 2006. Ìwà àwọn ẹlòmíràn ni, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹni mímọ́: aṣòfin tó ní òun kò ní í dìbò, akọ̀ròyìn tó ń kà wọ́n ní orúkọ-orúkọ, ilé tẹlifíṣọ̀n tó gbé àríyànjiyàn náà síta kí ará ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí ọmọ wọn sọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí, wọn kò fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ìwà. Ní Ọ̀tà, ní Adó-Odò àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Àwórì, bíi ti Kétu àti Yewa, Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní iṣẹ́ kan tí kò sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gànjọ́ òru ni, nínú ọjà. Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, àwọn tí a kò lè sọ̀rọ̀ wọn níṣekúṣe. Lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, tí gbogbo ọjà á máa gbè é, lórí ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ láàárín ọdún: ẹni tó jẹ owó, ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, ìjòyè tó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bá wí lè wà nínú èrò, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè máa gbè é. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan olórin náà. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún àjogúnbá aráyé ní 2001, èyí tó dára, ṣùgbọ́n ìdíje ijó àti aṣọ tó rẹwà ni ọ̀pọ̀ ń wá wò báyìí. Apá tó ń ta olórí létí ń kú lọ, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tọrọ owó láti tún un ṣe.

Kí n má baà sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run, Gáà wà. Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ ni, ipò tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ẹnì kan lè dá Aláàfin dúró. Ó fi ipò náà rán ọba lé ọba lọ sọ́run, ó gba ìjọba sí ilé ara rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba owó òde káàkiri, títí Aláàfin Abíọ́dún fi bì í ṣubú ní 1774. Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Ẹni tí wọ́n yàn láti máa bi olórí léèrè náà nílò ẹni tí yóò máa bi òun.

Ní ti ilẹ̀, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀, nítorí gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Òfin ilẹ̀ ti 1978, tí ìjọba Ọbásanjọ́ ìgbà ológun ṣe, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ṣe òfin líle ní 2016 sí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń fi ipá gba ilẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń yọ ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì nínú wàhálà lọ́pọ̀ ìgbà ni ọmọ ìyá olórí ẹbí kan tó dìde nínú ìpàdé ẹbí pé, “Ẹ̀gbọ́n, a ti ta ibí yìí fún ìyá yẹn lọ́dún tó kọjá, mo jẹ́rìí sí i.” Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò nínú ìpín nítorí rẹ̀.

Ti ìjọba wá kù. Òfin Nàìjíríà ní kí gbogbo ẹni tó bá di ipò mú kọ dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún Code of Conduct Bureau. Gómìnà ń ṣe é, alága kánsù ń ṣe é, káńsẹ́lọ̀ náà ń ṣe é. Kíkọ ni wọ́n ní kó kọ ọ́, wọn kò ní kó fi hàn ọ́. Ìdí nìyẹn tí ti Yar'Adua fi di ìròyìn: ó ṣe ohun tí òfin kò fi dandan mú un ṣe. Tèmi ni pé kí wọ́n ṣí ìwé yẹn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àti ti olóòótọ́ àti ti olè, nítorí pé ti olóòótọ́ tó wà ní títì ló ń dá ààbò bo ti olè.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ wọn, kí gómìnà yọwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Alápòtí dunnú sí i, wọ́n ní ọ̀nà á dé, ilé ìwòsàn á ní oògùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìpínlẹ̀ Ògùn dìbò sí kánsù, APC sì gba gbogbo ipò alága 20 tó wà. Èmi kò bá ẹgbẹ́ náà jà lórí pé ó wọlé. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, bí owó bá tilẹ̀ dé tààrà, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni alága àti àwọn tí òfin ní kí wọ́n yẹ ìṣúná rẹ̀ wò, àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan náà ló sì fà wọ́n kalẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ tó bá fẹ́ bi alága ní ìbéèrè níbẹ̀ á nílò àyà ju ti ayálégbé inú ìpàdé onílé lọ, nítorí kì í ṣe ariwo nìkan ló lè gbà padà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ará ìlú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Láti 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ìṣúná, ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde sínú ìwé ìròyìn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá ní dátà lórí fóònù rẹ̀ lè wá èyí tó bá jáde nínú rẹ̀ kan, kó kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹgbẹ́ onílé fi ránṣẹ́ pe káńsẹ́lọ̀ wá sí ìpàdé wọn, lórí àga oníke kan náà yẹn. Kí wọ́n gbàdúrà tán. Kí ẹni tó kéré jù níbẹ̀ dìde, kó kí i dáadáa, kó ka iye náà jáde, kó wá bi í pé èló ló dé Alápòtí nínú rẹ̀. Bó bá ní òun kò mọ̀, tó sì ní kí wọ́n fún òun ní oṣù kan kí òun lọ wádìí, ẹ fún un, ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bó bá bèèrè ẹni tó rán ọmọ náà níṣẹ́, ẹ máa fi ọkàn sí ẹlòmíràn fún ìbò tó ń bọ̀, kódà bó bá jẹ́ pé òun ló gbẹ́ kànga mọ́ṣáláṣí.